Òdòdó Tó Tóbi Bí Ilẹ̀kùn

Wọ́n kó àwòrán tí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan fi gbogbo ayé rẹ̀ yà jọ sí ilé àwòrán ní Dublin; obìnrin náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya àwòrán lọ́nà tuntun ní ilẹ̀ wọn. Èmi àti ọmọ mi wọ bọ́ọ̀sì láti Blanchardstown, níbi tí à ń gbé, lọ wò ó. Mo dúró níwájú àwòrán òdòdó funfun kan tó tóbi bí ilẹ̀kùn, òórùn aró sì dédé kún imú mi.

Mo tún padà di ọmọdé ní àgbàlá ìyá àgbà, ní Abẹ́òkúta. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ àdìrẹ. Ibi tí ẹ̀kọ bá kàn, aró kì í mú un. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, abọ́ ẹ̀kọ fì lọ́wọ́ mi, ẹ̀kọ sì kán sáàárín aṣọ ìyàwó kan tí ìyá àgbà ti fi ọjọ́ méjì ya etí rẹ̀. Mo ń retí ìgbátí.

"Níbo ló kán sí? Fi ìka mi síbẹ̀."

Mo fi í síbẹ̀. Ó ya òdòdó yí i ká, ó ń fẹ̀ ẹ́ títí ó fi gba gbogbo àárín aṣọ.

"Ìyá àgbà, ó ti tóbi jù!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òdòdó kì í kéré lójú oyin."

Mo rò pé eré ni à ń ṣe. Ojú ìyá àgbà ti ń fọ́ nígbà náà. Èmi ló fi ń ríran.

"Mọ́mì, ẹ má fọwọ́ kàn án o!" ni ọmọ mi ké.

Mo ti na ìka sí àwòrán náà láìmọ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù mi, mo rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà sún mọ́ ọn," ni mo sọ fún ọmọ mi, "bí oyin."