Dáyámọ́ǹdì Mẹ́rin

Àwa olùkọ́ mẹ́ta la jọ ni alùpùpù kan ní Kútò. Ní gbogbo Sátidé, a máa ń fi ẹ̀pà ta póòkà, eré káàdì. Ẹni tó bá jẹ ló máa gun alùpùpù náà lọ́jọ́ Ìsinmi. Àfẹ́sọ́nà mi sì wà ní Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà Ṣàgámù.

Lọ́jọ́ kan, káàdì dáyámọ́ǹdì pupa mẹ́rin wọlé fún mi. Bó bá pé márùn-ún, mo jẹ. Ṣùgbọ́n èmi ló kọ́kọ́ kàn láti fi ẹ̀pà lélẹ̀, kí n tó fa káàdì mìíràn. Mo ti gbogbo ẹ̀pà mi síwájú, mo nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹ ni?” ni ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bi mí.

“Ẹ fi ẹ̀pà tiyín tẹ̀ lé tèmi, kẹ́ ẹ wò ó.”

Àwọn méjèèjì ju káàdì wọn sílẹ̀, wọ́n gbà pé mo jẹ. Mo ṣí èyí tí ǹ bá fà wò lójú wọn: dúdú ni. Wọ́n rí i pé ìtànjẹ ni mo fi jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, atẹ́gùn ojú títì Ṣàgámù kún inú ẹ̀wù mi. Ta ló kù tí yóò bá mi fi ẹ̀pà ta póòkà?