Aṣọ Orí Àgò Odídẹrẹ́

Kò sí ohun tí àǹtí mi kórìíra tó kí ènìyàn máa wo ẹnu àwọn níbi tí wọ́n bá ti ń jẹun. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, àwọn ló sì tọ́ mi dàgbà nínú ilé kan náà tí a jọ ń gbé títí dòní ní Súrùlérè. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ojú mi bá ṣèèṣì bọ́ sínú àwo wọn, wọn á ní, "Ọ̀kánjúwà, gbé ojú ẹ sọ́hùn-ún!" Màá sì gbé e kíá. Lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú, wọ́n ra odídẹrẹ́ kan, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n sì fi kọ́ òun náà. Bí oúnjẹ bá ti dé orí tábìlì, a ó fi ògbólògbòó àǹkárá kan bo àgò rẹ̀ títí a ó fi jẹun tán. Ẹ̀pà ni oúnjẹ tirẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ wọn obìnrin bímọ sí ìlú òyìnbó, Àǹtí mi sì lọ bá a tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́rin. Ní pápákọ̀ òfurufú, wọn ò sọ fún mi pé kí n máa ti ilẹ̀kùn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ẹyẹ mi o. Òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn. Má jẹ̀ẹ́ kí n dé bá àgò òfìfo." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ṣé ẹyẹ lásán ló fẹ́ dà mí láàmú ni?

Kò tíì pé oṣù kan tí ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láyà rẹ̀. Ó wá dákẹ́ lọ gbári, bẹ́ẹ̀ kì í sinmi ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Yábàá. Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó bi mí pé kí ló ń jẹ.

"Ẹ̀pà ni."

"Ẹ̀pà àti kí ni?"

"Ẹ̀pà náà ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ ẹyẹ yín. Tí kò bá kọ́ oúnjẹ mìíràn jẹ, kò ní pẹ́ kú." Ó ní kí n máa dín ẹ̀pà kù díẹ̀díẹ̀, kí n máa fún un ní ìbẹ́pẹ, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata. Mo ti ń jáde lọ nígbà tó pè mí padà: "Ẹ má fún un ní píà o! Májèlé ni fún un." Mo gba Sábó kọjá, mo ra gbogbo ohun tó kà sílẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Mo ti ránṣọ fún ìyàwó ojú ọ̀nà tó yí ọkàn padà lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọrùn aṣọ kan ṣoṣo, orí mi ò sì dàrú. Odídẹrẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á rú. Mo gé ìbẹ́pẹ fún un, ó fi ẹnu jù ú sílẹ̀. Mo fi ẹ̀pà bo kárọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀, ó ṣa ẹ̀pà jẹ, ó da kárọ́ọ̀tì sí mi lára. Mo so tẹ̀tẹ̀ mọ́ irin àgò, ó kẹ̀yìn sí i. Mo bẹ̀ ẹ́, mo pè é ní ọ̀gá mi. Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo ní, "Kú nígbà náà, olóríkunkun!" Kíá ni mo fọwọ́ bo ẹnu ara mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Àǹtí mi ń pè lórí fídíò. "Ẹyẹ mi ńkọ́?" Màá gbé fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹ̀yìn ṣì ní ìyẹ́. "Ó wà dáadáa, mà." Irọ́ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn.

Ọjọ́ tí nǹkan yí padà, n kò ta ọgbọ́n kankan. Iṣẹ́ pọ̀, ó ti rẹ̀ mí, ebi sì ń pa mí. Mo ti fọ àǹkárá tí mo fi ń bo àgò, ó ṣì ń gbẹ lórí okùn. Mo jókòó ti àgò, mo mú ìbẹ́pẹ tó kọ̀, mo ń jẹ ẹ́ tìbínú-tìbínú. Ni mo bá gbọ́ ìró irin. Ẹyẹ ti rìn wá sí ìhà ọ̀dọ̀ mi, ó na ọrùn, ó ń wo ẹnu mi. Ojú tó fi ń wò mí, mo mọ̀ ọ́n. Ojú tí mo fi ń jí ẹnu Àǹtí mi wò nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ni. Mo na èyí tó kù lọ́wọ́ mi sí i. Ó fẹsẹ̀ gbà á, ó yí i wò, ó tọ́ ọ wò, ó sì jẹ ẹ́. Ó tún na ẹsẹ̀.

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Àṣé kì í ṣe oríkunkun. Kò mọ̀ pé oúnjẹ ni! Ọdún márùn-ún ló ti wà lọ́dọ̀ wa, kò rí ènìyàn kan kó jẹun rí, torí àwa la fi aṣọ bo ojú rẹ̀, a ní à ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń jẹun. Bí mo bá jẹ kárọ́ọ̀tì, òun náà á fẹ́ kárọ́ọ̀tì. Mo jẹ tẹ̀tẹ̀ tútù níṣojú rẹ̀ bí ewúrẹ́. Ata nìkan ni mo ní kó lọ dá kọ́ fúnra rẹ̀, ó sì kọ́ ọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ìyẹ́ tuntun ti ń yọ láyà rẹ̀, dókítà sì ní kí n lọ fọkàn balẹ̀. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀.

Àǹtí mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Àgò ni wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo èmi. Mo gbé ìbẹ́pẹ ka iwájú wọn, wọ́n sì na ọwọ́ síbi tí àǹkárá máa ń wà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wò yín." Mo wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ orí fídíò.

Mo ń retí èébú. Wọ́n mú ìbẹ́pẹ kan, wọ́n gé e jẹ, wọ́n jẹ́ kí ẹyẹ wo ẹnu wọn tẹ́rùn, wọ́n wá fún un ní ìyókù.

"Èmi ńkọ́?" Mo fi ṣe àwàdà ni.

Wọ́n mú òmíràn, wọ́n gé e jẹ, wọ́n na ìyókù sí mi. "Gbà," ni wọ́n wí. "Ó ti pẹ́ tó o ti ń wo ẹnu mi."