Sikirat Atúnfóònùṣe Di Tíṣà ní Iléṣà

Nígbà tí Sikirat dé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan ní Iléṣà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, híjáàbù aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀, àpò irinṣẹ́ ní èjìká, Ọ̀gbẹ́ni Ọdúntán tó ń bójú tó ìpàgọ́ ọlidé àwọn ọ̀dọ́ wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin ni tíṣà tí yóò kọ́ wọn ní ààbò orí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Èmi ni, sà."

"Yunifásítì wo lẹ ti jáde?"

"Ọjà Ọba ní Òṣogbo ni mo ti jáde, sà. Fóònù ni mo ń tún ṣe níbẹ̀. Ọdún kẹtàlá rèé."

Àwọn ọmọ tó gbọ́ ọ bú sẹ́rìn-ín. Baba náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ.

Kì í ṣe inú ìwé ni Sikirat ti kọ́ ohun tó mọ̀. Ojú ẹ̀ ló rí i. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹnìkan pè é, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kó ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún òun. Ó kà á. Kó tó ṣẹ́jú, Wásáàpù rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ olè, olè sì ń fi orúkọ rẹ̀ lu àwọn èèyàn ní jìbìtì. Odidi oṣù mẹ́ta ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ń wò ó tìfura-tìfura. Ìtìjú yẹn ló mú un jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń kọ́ ọgbọ́n àwọn olè wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, kò tún fóònù oníbàárà ṣe rí kó má kọ́ ọ bí yóò ṣe dáàbò bò ó. Òkìkí rẹ̀ ló kàn dé Iléṣà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kò kọ nǹkan kan sójú pátákó.

"Ta ni yóò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá rẹ̀?"

Gbogbo wọn mirí.

"Ó dáa. Ta ló ń fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe pásíwọ́ọ̀dù?"

Ó lé ní ìdajì wọn tó nawọ́ sókè.

"Ẹ ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ nìyẹn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi gbólóhùn gígùn ṣe pásíwọ́ọ̀dù. Akíndélé, aláwàdà wọn, fi ewúrẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ ṣe ọ̀kan, inú rẹ̀ dùn débi pé ó kígbe rẹ̀ sókè ketekete, ló bá di dandan kó wá òmíràn.

Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ jẹun, Ìwàlẹwà nìkan ló kù lórí ìjókòó. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá ni, kò sì sí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù ní gbogbo àdúgbò wọn.

"Àǹtí, tí ẹnìkan bá ní kí n má sọ nǹkan kan fún màmá mi ńkọ́?"

Sikirat fa àga kan súnmọ́ ọn, ó jókòó. "Kí ló ní kó o má sọ?"

Ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní kóòṣì ló ti ń bá a sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti oṣù méjì. Ó ní òun yóò mú un wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan l'Ábújá, kó dá nìkan wá ṣe ìdánwò ní ilé kan lẹ́yìn gáréèjì Iléṣà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bó bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹlòmíì ni yóò gba àyè rẹ̀. Sikirat wá orísun àwòrán tí ọkùnrin náà ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kóòṣì kan ní ilẹ̀ òkèèrè ló ni ín, kò tilẹ̀ mọ Iléṣà.

"Ṣé mo ti ṣẹ̀ ni, Àǹtí?"

"Rárá o. Ẹni tó purọ́ ló ṣẹ̀. Má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ nínú fóònù yẹn. A máa tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, ká lọ bá màmá rẹ."

Julianah, ìyá ọmọ náà, wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fò dìde, ó gbọ́wọ́ sókè. Sikirat bọ́ sáàárín.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá nà án lónìí, kò ní sọ tọ̀la fún yín."

Ọwọ́ ìyá náà rọ̀ wálẹ̀. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún.

Ọ̀gbẹ́ni Ọdúntán fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ojú ìwé mọ́kànlélógójì ni Sikirat tò síwájú wọn, ọjọ́ àti àkókò wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìwàlẹwà wà nílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ló lọ síbi ìdánwò náà. Wọ́n mú ọkùnrin náà pẹ̀lú fóònù mẹ́ta. Orúkọ ọmọbìnrin mẹ́jọ mìíràn ló wà nínú àwọn fóònù náà, láti Òṣogbo títí dé Itagunmodi. Àwọn ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà kò tíì rí ìkankan nínú àwọn ọmọ náà fojúkojú. Nígbà tí Sikirat gbọ́, ó forí kanlẹ̀, ó ní, "Àlùhámúdùlílàhì!"

Lọ́jọ́ ìparí ìpàgọ́, gbọ̀ngàn kún fún òbí. Sikirat ti sọ fún Ìwàlẹwà pé kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀, àmọ́ ọmọ náà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin òbí wa, tí a bá wá bá yín sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tán. Tó bá yá, ẹ lè wá bínú."

Julianah ló kọ́kọ́ dìde tó pàtẹ́wọ́, kó tó di pé gbogbo ilé mì tìtì. "Ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn!" ni ẹnìkan kígbe oríkì Ìjẹ̀ṣà láti ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ọmọ mú àwọn òbí wọn jókòó, wọ́n ní kí wọ́n mú fóònù wọn jáde. Bàbá kan tó ga bí ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ń bi í pé, "Ibí ni kí n tẹ̀?" Ìyá kan rìn lọ bá Sikirat nígun tó jókòó sí, ó ní kó dákun wá ran òun lọ́wọ́.

Sikirat rẹ́rìn-ín, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọ yín, mà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa."