Díkìnì Bíọ́dún Ń Dúró De Ògo

Tí a bá ń wá ẹni tí kì í yí padà ní gbogbo àdúgbò Barnawa nílẹ̀ Haúsá, ká má lọ jìnnà, Díkìnì Bíọ́dún nìyẹn. Ilé-ìwé ìjọba kan náà ló ti ń ṣe tíṣà láti ọdún méjìlélógún. Ìjọ kan náà ló ń lọ, àga kan náà ló sì ń jókòó sí níbẹ̀, lábẹ́ fáànù tó ti kú kí wọ́n tó fi í jẹ díkìnì. Arsenal ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀, láti ọdún tí wọ́n gba ife líìgì tí ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n. Ogún ọdún rèé, wọn ò tíì gba òmíràn. Díkìnì a máa sọ pé ẹni tó bá lè dúró ti Arsenal fún ogún ọdún, kò sí ìlérí Ọlọ́run tó lè pẹ́ jù lójú rẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín, ṣùgbọ́n tọkàntọkàn lòun fi ń sọ ọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, ọ̀dọ̀ Jẹ̀lílì lẹ ti máa bá a. Jẹ̀lílì ló ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ibùdó àwọn oníkẹ̀kẹ́. Páànù ni òrùlé rẹ̀, páànù ni ògiri rẹ̀, tí òòrùn bá sì mú, á yan èèyàn bí ẹran súyà. Pátákó dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí Jẹ̀lílì ń fi ẹfun kọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ náà sí. Nísàlẹ̀ rẹ̀, á kọ orúkọ àwọn àgbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ ṣí lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Láti ìgbà tí ìlú ti le, orúkọ àwọn oníbàárà tó ń lọ sókè òkun náà ti ń bọ́ síbẹ̀: tẹlọ̀ kan láti Sabon Tasha lọ sí Kánádà, tíṣà kan láti Barnawa lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹni náà bá ti wọ bàálù, Jẹ̀lílì á fi ẹfun pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kansílọ̀ àdúgbò ni wọ́n ń fà. Ọkùnrin náà tún ti fi ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé," Jẹ̀lílì ní. "Mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí mo fẹ́ kí i kú oríire rẹ̀ mọ́."

"Kí ló burú níbẹ̀?" Yínúsà dáhùn. Ọmọ Ìlọrin ni baba Yínúsà, ṣùgbọ́n Hayin Banki ni wọ́n bí òun sí. Táyà ló ń tà, Chelsea ló ń tẹ̀ lé, òun náà sì ti yí ẹgbẹ́ òṣèlú padà lẹ́ẹ̀mejì. "Àgbábọ́ọ̀lù ni. Ibi tí wọ́n bá ti fún un láàyè ló máa gbá a. Àbí kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí irun rẹ̀ á fi funfun?"

"Ẹni tí kò ní gbòǹgbò ni," Díkìnì ní. "Lónìí ibí, lọ́la ibẹ̀yẹn. Irú wọn ló ba ìlú yìí jẹ́."

"Kai, Díkìnì! Ìwọ tó o ní gbòǹgbò, ife mélòó ló ti so lórí rẹ̀?"

Gbogbo ilé hó yèè. Jẹ̀lílì gbé fóònù sókè, ó ní kí wọ́n dákẹ́, ìròyìn dé. Wọ́n ní Arsenal fẹ́ ra ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ góòlù bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, pé wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán, ó ku kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

"Mo gbà á!" Díkìnì ti dìde. "Ó ti dé nìyẹn!"

Ẹni tó kọ ìròyìn náà ò sọ orúkọ ara rẹ̀, kò sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Díkìnì gbà á gbọ́ láìbéèrè. Jẹ̀lílì wá ka èkejì: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ò ní lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Mínísítà wọn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nílé aṣòfin, lójú gbogbo ayé.

Díkìnì ṣe ṣìọ̀. "Ìròyìn òfegè. Wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù ba àwa ọmọ Ọlọ́run ni."

Kò ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀. Martha ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Sabon Tasha, ti bá ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Leeds sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní àwọn máa gbà á. Ètò ilé ni pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ: Martha, Díkìnì, àti Tolúwaṣẹ ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Díkìnì tí kì í yí padà ti ṣe tán láti yí orílẹ̀-èdè padà. Ẹ má bi í pé báwo ni tirẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti kansílọ̀. Ti kansílọ̀, ojúkòkòrò ni. Tirẹ̀, ìtọ́sọ́nà Ẹ̀mí ni.

Ní oṣù Kìíní, kí ìwé kankan tó dé, ó mú ìdílé rẹ̀ jó lọ síwájú ìjọ, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ sílẹ̀ de ohun tó ń bọ̀. Àwa onígbàgbọ́ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. A máa ń dúpẹ́ ẹja nígbà tí àwọ̀n ṣì wà nílé. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Kí oṣù Kẹfà tó parí, gbogbo ilé wa ti wà ní Leeds!" Pásítọ̀ ní ó ti ṣẹ. Ìjọ ní halelúyà. Ní ọjọ́ kejì, orúkọ Díkìnì ti wà lórí pátákó Jẹ̀lílì.

Ọjọ́ Túsìdeè kan ní ìparí oṣù Kejì ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ Martha dé. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọjọ́ Mọ́ńdè, ni ìjọ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún.

"Bàbá Tolú, ẹ jẹ́ ká fi ìwé físà wa sílẹ̀ lọ́la," Martha ní. "Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ àti ọmọ. Ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀."

"Ìyá Tolú, fara balẹ̀. Jẹ́ kí ààwẹ̀ parí. Tá a bá fi í sílẹ̀ báyìí tó bọ́ sí i, wọ́n á ní bó ṣe máa ń rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n tá a bá fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀, tí òfin wọn sì ti wà níbẹ̀, tí tiwa ṣì kọjá, ta ló máa sọ pé kì í ṣe Ọlọ́run?"

Martha wò ó títí. "Ṣé Ọlọ́run ò lè gbọ́ wa ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ni?"

Ìbéèrè tó dáa ni. Díkìnì ní kí àwọn gbàdúrà.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta bọ́ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ààwẹ̀ náà. Ilẹ̀kùn sì tì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Ó yani lẹ́nu pé àwọn òyìnbó ò bá pásítọ̀ wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ilé ìtọ́jú arúgbó náà kọ̀wé sí Martha pé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ló lè wá, kó sì fi ìwé sílẹ̀ kí oṣù tó parí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn á mú ẹlòmíràn.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni oṣù Ramadan wọlé. Nígbà tí Díkìnì dé ọ̀dọ̀ Jẹ̀lílì ní ìrọ̀lẹ́, Yínúsà ń fi dàbínù, èso déètì, ṣínu lórí bẹ́ǹṣì. Kò sí bọ́ọ̀lù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ló wà níbẹ̀.

"Sannu, Díkìnì. Wọ́n ti ti ọjà Gẹ̀ẹ́sì yẹn o," Yínúsà ní.

"Ààwẹ̀ wa ku ọjọ́ mẹ́fà. Ọlọ́run lè yí òfin yẹn padà."

"Òfin Gẹ̀ẹ́sì? Ọlọ́run tí kò tíì yí kansílọ̀ tiwa níbí padà?"

"Yínúsà, má fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́."

"Astaghfirullah! Èmi kọ́ o. Ìwọ lo ní kí Ọlọ́run dúró ná, kí o wá àga tó dáa tí wàá jókòó sí wo ògo rẹ̀." Ó tu kóró dàbínù sọ́wọ́. "Madam ńkọ́? Ṣé wọ́n máa lọ?"

"Mo ní kó ní sùúrù. Tó bá dá nìkan lọ, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìjọ? Mo ti jẹ́rìí pé gbogbo wa là ń lọ. Ojú á ti Ọlọ́run."

"Haba! Ọlọ́run lojú máa tì ni, àbí Bíọ́dún?"

Jẹ̀lílì tí kì í ṣaláì ní ohun tó fẹ́ sọ yíjú sí ògiri bí ẹni pé ìwé kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ kà. Díkìnì dìde, ó ní òun ń lọ sí ìpàdé àdúrà. Kò lọ. Ó fi ẹsẹ̀ rìn yí Barnawa po, ó ń kí àwọn tó mọ̀ lọ́nà, ó ń fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n bá bi í pé ọjọ́ wo ló ń lọ.

Nígbà tó délé, Tolúwaṣẹ ti to aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá ketekete, ṣùgbọ́n Haúsá ló fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀. "Baba, yaushe za mu tafi?" Ìyẹn ni pé, ìgbà wo la fẹ́ lọ? Ó fi ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ méjì hàn án, pé èwo ni kí òun mú nínú wọn. Baba rẹ̀ ní kó mú méjèèjì. Ó wọ yàrá, ó kúnlẹ̀, ó sì rí i pé òun ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Ní gbogbo ọdún tó ti ń darí àdúrà, kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ohun tó ń rò ni pé, tó bá jẹ́ pé òun ló di ìwé mú, ta wá ni òun ń bẹ̀ láti tú u?

Ní ọjọ́ Àìkú tí ààwẹ̀ parí, ìjọ kún títí dé ìta. Pásítọ̀ ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde wá. Díkìnì jáde. Ìjọ ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó dé iwájú, nítorí gbogbo wọn ló mọ Leeds.

"Ẹ yin Olúwa," ó ní.

"Halelúyà!"

"Ní oṣù Kìíní, mo sọ níbí pé ìdílé mi ń lọ sókè òkun."

"Halelúyà!"

"A ò lọ mọ́."

"Halelúyà!"

Díkìnì gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná. Ìwé dé kí ilẹ̀kùn tó tì. Èmi ni mo dá a dúró. Mo fẹ́ kí ẹ rí i kí ẹ sì pariwo. Kì í ṣe èṣù, kì í ṣe àwọn ará abúlé mi. Èmi ni."

Pásítọ̀ sáré na ọwọ́ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ará, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni Díkìnì wa ń sọ—"

"Rárá, sà," Díkìnì ní, kò sì fi í sílẹ̀. "Òtítọ́ ni mò ń sọ. Ìyàwó mi máa lọ, òun nìkan. Èmi àti ọmọ wà níbí. Mi ò mọ ìgbà tí a óò tún fojú kan ara wa. Ó tán."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Màmá kan lẹ́yìn, tí etí rẹ̀ ti wúwo, ní "Halelúyà." Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin kí ọ̀rọ̀ má baà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. Nígbà tí Martha gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó jókòó síwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tolú, mo ti fi ìwé sílẹ̀."

"Ìwé wo?"

"Tèmi. Ọjọ́bọ̀ tí ẹ lọ ṣọ́ ìdánwò, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Àbújá, wọ́n gba àwòrán ìka mi fún físà, mo sì padà kí ẹ tó dé."

Díkìnì ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. "Láti Ọjọ́bọ̀? O wá jókòó, o ń wò mí bí mo ṣe ń dójú ti ara mi níwájú ìjọ?"

"Mi ò mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́," Martha ní. "Ẹ̀rù yín ń bà mí. Mo rò pé ọjọ́ tí mo bá ń lọ ni mo máa sọ fún yín, lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ má baà ní kí n dúró de ààwẹ̀ mìíràn."

Ó fẹ́ bínú. Inú rẹ̀ ò rí ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Ó fa àwo oúnjẹ mọ́ra, ó di ojú láti gbàdúrà sí i, Martha àti Tolúwaṣẹ náà di ojú. Wọ́n dúró títí, ọbẹ̀ ń tutù.

"Olúwa," ó ní nígbẹ̀yìn, "mú un débẹ̀ láyọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ò ń gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n mú un débẹ̀."

Martha ló ṣe àmín. Tolúwaṣẹ ti la ojú, ó ń wo baba rẹ̀.