Màmá Tún-un-kọ, Ẹni Tó Ń Múra Ọmọ Sílẹ̀ fún Yunifásítì

Ẹni tí ò bá mọ nǹkan kan nípa Màmá Tún-un-kọ, á mọ ti ọjọ́ ìsìnkú. Agogo mọ́kànlá àárọ̀ ni. Wọ́n ti sọ pósí kalẹ̀ sínú kòtò. Káfíńtà tó jẹ́ ọmọ olóògbé, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kan pósí ọ̀hún, ń sunkún, kò gba ìpẹ̀. Àfi bí obìnrin kúkúrú kan ṣe já wọ àárín èrò, ó wọ dúdú láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́kún, ẹkún rẹ̀ sì bo ti gbogbo ẹbí mọ́lẹ̀. Àwọn ẹbí ń wo ara wọn. Wọ́n rò pé àlè bàbá tó kú ni.

Káfíńtà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà ni olùdámọ̀ràn ilé-ìwé girama tí ọmọ káfíńtà wà, ẹni tó ń bá àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá múra àtiwọ yunifásítì. Ó sún mọ́ káfíńtà, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ kú aráfẹ́rakù, Bàbá."

"Ẹ ṣeun, Mà."

"Ikú dóró. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń kọ̀wé àbí òsì?"

Kí káfíńtà tó mọ̀ pé wọ́n bi òun ní nǹkan, bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ sì ti wà níwájú rẹ̀. Agogo méjìlá ọjọ́ yẹn ni yunifásítì ò ní gba fọ́ọ̀mù mọ́, òbí ò sì tíì fọwọ́ sí i. Alùfáà dá àdúrà dúró.

"Mà, ṣé kò lè dúró ká bo òkú tán ni?"

"Òkú ò kánjú, Alàgbà," ni Màmá wí. "Èmi ni mò ń kánjú."

Àbúrò káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, káfíńtà tẹ́ fọ́ọ̀mù sí i lẹ́yìn, ó fọwọ́ sí i. Ọmọ náà wọlé lọ́dún yẹn. Omijé bàbá rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù náà tótó-tótó, akọ̀wé yunifásítì sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pé òjò ló pa á.

Yàrá tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ni ilé-ìwé fún Màmá, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti garawa sí tẹ́lẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti ń sáré gòkè, eruku á máa já bọ́ sórí tábìlì. Màmá á ṣí agbòjò lé fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ lórí, òun á jókòó sínú eruku. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan lára àga ìkẹta kúrú. Àwọn bàbá tó bá wá bá a jà ló máa ń na ìyẹn sí. Ó ní kò sẹ́ni tó lè bínú dáadáa lórí àga tó ń mì.

Lẹ́tà ló fún un lórúkọ. Ọmọ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà, kó sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ìdí tí òun fi fẹ́ kọ́ ohun tí òun fẹ́ kọ́. Kò sí èyí tó mú un wá tí kò gbọ́ "Tún un kọ." Ọmọ aṣọ́nà ilé-ìwòsàn gbé tirẹ̀ dé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti kékeré ni òun ti ń fẹ́ di dókítà.

"Láti kékeré?" Màmá yọ gíláàsì ojú. "Nígbà tí ò ń jẹ iyẹ̀pẹ̀ yẹn?"

"Mi ò jẹ iyẹ̀pẹ̀ rí o, Mà."

"Mo ti bi ìyá ẹ. Tún un kọ."

Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, inú bí i. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń ba òun lẹ́rù, bàbá òun ló fẹ́ dókítà, ohun tí òun fẹ́ mọ̀ láyé yìí ò ju ìdí tí omi ẹ̀rọ fi ń dé òkè ilé alájà mẹ́ta tó wà lódìkejì títì, tí kì í dé ìsàlẹ̀ ilé tàwọn. Ó ju lẹ́tà náà sórí tábìlì. Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde dúró, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti ń retí yín."

Ọjọ́ kejì ni bàbá rẹ̀ dé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ lọ́rùn. Màmá na àga ìkẹta sí i.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ mi má ṣe dókítà mọ́?"

"Ẹ jókòó, Bàbá."

"Mi ò ní..." Àga mì. "Mo ní mi ò ní gbà kí..." Àga tún mì. "Kí ló tiẹ̀ ń ṣe àga yìí gan-an?"

"Kò mà tíì yé wa," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ló máa tún un ṣe."

Ó tún máa ń dán wọn wò fún ọjọ́ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa pè wọ́n wá dáhùn ìbéèrè. Á wọ kóòtù ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó ní kóòtù náà nìkan ni ohun tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ tí kì í jiyàn. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ lọ, ó gbójú sókè, Màmá ti sùn, ó ń hanrun. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

"Kí lò ń sunkún sí?" Màmá ò la ojú.

"Ẹ ti sùn, Mà."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n náà á sùn. Máa bá a lọ níbi tó o dé, kó o sì gbóhùn sókè."

Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ tó le jù lọ ni ti lẹ́tà ìjẹ́rìí, èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kò ní kọ ohun tí ojú rẹ̀ ò rí. Tí ọmọ kan bá ń ṣe iṣẹ́ kan nílé, Màmá gbọ́dọ̀ lọ jókòó tì í níbi tó ti ń ṣe é kó tó jẹ́rìí rẹ̀. Ó gun òrùlé lọ wo ọmọ kan tó ń bá bàbá rẹ̀ kan páànù. Àwọn panápaná ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Òfin yìí ló kù díẹ̀ kó ba ti ọmọ alágbàfọ̀ jẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni dókítà sọ fún Màmá pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Màmá bi í bóyá òun máa dé ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ń parí. Dókítà ní òun ò lè ṣèlérí.

"Ẹ ṣáà gbìyànjú," ni Màmá wí, ó ń tù ú nínú, bí ẹni pé dókítà ló ń kú lọ.

Ọgọ́rin ọmọ ló wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́dún náà. Ó parí ti mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó ku ọmọbìnrin alágbàfọ̀, tí orí rẹ̀ pé ju ti gbogbo wọn lọ, tó fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń po oògùn. Ìyá rẹ̀ ti kú. Omi gbígbóná ti bó bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka ò ká mọ́, ọmọ yìí ló wá ń lọ gbogbo aṣọ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ò ní kó má lọ. Ohun tó ń sọ burú ju ìyẹn lọ: "Máa lọ. Èmi á máa wo ara mi." Ọmọ náà sì ti fi fọ́ọ̀mù sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọjọ́ Ajé tí Màmá fẹ́ lọ wò ó nídìí iṣẹ́ ló ṣubú lulẹ̀ nínú yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Wọ́n gbé e lọ sílé-ìwòsàn. Ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù ń parí. Akọ̀wé ilé-ìwé, obìnrin tí wọ́n jọ ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ogún ọdún, mú bébà wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kọ ọ́ báyìí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni."

"Mi ò tíì rí i níbi iṣẹ́."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Ìwọ. O ò sì lè pa ẹnu mọ́."

"Ò ń kú lọ o," ni akọ̀wé wí.

"Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi sáyè pé mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní kó gbé áyọ́ọ̀nù bọ̀."

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ọmọ náà ru tábìlì aṣọ lílọ̀ wá sílé-ìwòsàn. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì bá a lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó ń wá ibi tó máa ki wáyà iná bọ̀.

"Kí lèyí?"

"Ìdánwò ni," ni Màmá dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí kọ́là yín yẹn lẹ sùn ni?"

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wo kọ́là rẹ̀. Kò tó wákàtí kan, nọ́ọ̀sì mẹ́fà ti tò. Ìyá arúgbó kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí ò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, fa aṣọ tó tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì yọ lábẹ́ ara rẹ̀, ó nà án sí ọmọ náà. "Má jó o," ló wí.

Màmá Tún-un-kọ ń wò.

"Kí ló dé tó o fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan aṣọ kó o tó gbé iná lé e?"

"Kí n lè mọ èyí tó jẹ́, Mà. Iná tí ọ̀kan gbà, ó lè jó èkejì."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí náà. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó sinmi. Ó kọ mẹ́ta mìíràn, ó sinmi.

Ọ̀sán ni alágbàfọ̀ dé, ó wá gba áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Oníbàárà ti kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Mà, ẹ ò gbádùn, mi ò fẹ́ bá yín jà."

"Ẹ bá mi jà, Bàbá. 'Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́' ni gbogbo wọn ń wí fún mi níbí, ó ti sú mi."

Màmá na bébà sí i, ó ní kó bá òun kà á síta, ojú òun ń ṣú. Alágbàfọ̀ kà á.

"Mo rí i tó lọ aṣọ mọ́kànlélógún láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò jó ẹyọ kan. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ wádìí ohun tí aṣọ kọ̀ọ̀kan lè gbà, kó tó fi iná kàn án. Ẹni tó máa po oògùn fún ènìyàn ò lè rí ẹ̀kọ́ tó ju ìyẹn lọ, kì í sì í ṣe ilé-ìwé wa ló ti kọ́ ọ."

Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún fojú padà sókè. Ó yíjú sí àwọn aṣọ tí ọmọ rẹ̀ ti lọ̀, ó kà wọ́n. Ọmọ rẹ̀ ń ká wáyà, kò jẹ́ kí ojú àwọn pàdé.

"Méjìlélógún ni," ni alágbàfọ̀ wí níkẹyìn. "Ẹ ò ka aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì."

Màmá gba bébà, ó tún un ṣe. Ó wá fi fọ́ọ̀mù sí orí rẹ̀. "Ọmọ yìí ti kọ́ṣẹ́ tán lọ́dọ̀ yín, Bàbá. Ẹ gba ẹlòmíràn tí ẹ máa kọ́. Ẹ dá èyí sílẹ̀."

Ọwọ́ òsì ló fi fọwọ́ sí i, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ọmọ jẹ́léósinmi. Kò sẹ́ni tó ní kó tún un ṣe.

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí yunifásítì lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tó dé ilé-ìwòsàn, ó fi òǹtẹ̀ tí wọ́n lù hàn án. Màmá gbé bébà náà sún mọ́ imú, ó yẹ orúkọ ọmọ náà wò lẹ́tà lẹ́tà, ó ní ó dáa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó mọ́ tán, ó ti kú. Akọ̀wé ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní láti ogún ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí obìnrin yẹn máa parí nǹkan kan kí àsìkò tó tó.

Ọmọ alágbàfọ̀ wọlé. Ó ti wà ní ọdún kẹta báyìí.

Aṣọ aláwọ̀ ojú-ọ̀run tí wọ́n bọ́ lọ́rùn Màmá lọ́jọ́ tó dé ilé-ìwòsàn, akọ̀wé ló gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ fún fífọ̀, kò sì ní agbára láti padà lọ gbà á. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pé aṣọ tí wọn ò bá wá gbà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n á fi tọrẹ. Èyí ò kúrò lórí ìkọ́. Oṣooṣù ni alágbàfọ̀ ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á fi ọwọ́ òsì lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tuntun ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Láìpẹ́ yìí ni oníbàárà kan bi í bóyá ó máa tà á.

"Olówó rẹ̀ wà."

"Bàbá, aṣọ tó ti wà níbí láti ìgbà tí mo ti ń wá? Olówó wo nìyẹn?"

"Ọwọ́ rẹ̀ dí," ni alágbàfọ̀ wí, ó sì gbé aṣọ náà padà sórí ìkọ́, ó fa apá rẹ̀ méjèèjì kó lè gún dáadáa.