Oògùn Alinafe Wà Nínú Bọ́ọ̀sì

Alinafe Kaliwo kú ní Sátidé tó kọjá, ní agbedeméjì òkè Mulanje, lójú tíṣà méjì àti ọmọléèwé mọ́kànlélógójì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Àsímà ló ń ṣe é. Oògùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè, nínú bọ́ọ̀sì, nínú àpótí tí wọ́n tì pa. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò awakọ̀. Awakọ̀ ti lọ jẹ nsima ní Chitakale.

Òfin ló gbé oògùn débẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ká ońdè mọ́ àwọn ọmọ kan lára níbi ìdíje bọ́ọ̀lù, àwọn òbí fárígá, iléèwé sì kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu géètì pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ ní mankhwala lápò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mankhwala: ti ọsibítù ni o, ti oníṣègùn ni o, oògùn ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà Bwanali ń yẹ àpò àwọn ọmọ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó rí ìgò kékeré aláwọ̀ búlúù tí Alinafe máa ń fín sẹ́nu bí èémí bá há a. Ó gbà á, ó dì í sínú ọ̀rá, ó kọ ọ́ sí i lára pé: “Mankhwala tí a gbà.” Ọmọ ní òun nílò rẹ̀.

“Ṣé òkè lò ń lọ gùn ni, àbí ọsibítù?” ni Bwanali wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Kò pé wákàtí méjì tí wọ́n ti ń gun òkè tí àyà ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè oògùn rẹ̀. Tíṣà ní kó fomi tútù bọ́jú, kó yéé ṣàṣejù. Nọ́ọ̀sì iléèwé ńkọ́? Wọ́n fi í sílé, wọ́n ní kò sáyè nínú bọ́ọ̀sì. Àyè wà fún kírétì mínírà mẹ́rin ṣá. Wọ́n kúkú mú èyí tó ṣe pàtàkì dání.

Ògiri kan ló wà láàárín ilé tèmi àti ti Alinafe. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, Alinafe ló máa ń ka ìwé ìròyìn yìí fún mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí á máa jẹ ẹ̀pà mi, tí á máa ṣe ọ̀fíntótó gírámà ohun tí mo bá kọ sínú rẹ̀. “Ó wà pẹ̀lú wa” ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà dùn mí wọra.

Níbi ìsìnkú, hẹdimásítà ní Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run ló sì gbà á. Ọlọ́run kẹ̀? Ṣé Ọlọ́run ló ń yẹ àpò wò lẹ́nu géètì? Hẹdimásítà bá na ọ̀rá náà sí ìyá ọmọ, bí ẹni tó ń dá ẹrù ẹlẹ́rù padà. Ìyá mú ìgò jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó fín fùù. “Ó ṣì kún,” ló wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Nínú ìwé ìròyìn yìí ni mo ti yin òfin yẹn lọ́dún tó kọjá. Alinafe kà á fún mi tán, ó ní, “Màmá Àgbà, mankhwala wo lẹ ń wí? Tèmi ńkọ́?” Mo ní ẹni tó bá lọ́gbọ́n lórí á mọ̀. Mi ò tún un kọ.

Nítorí náà, Bwanali, hẹdimásítà, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ pariwo: ẹ pa ohun tó wà lẹ́nu géètì yẹn rẹ́. Ẹ má gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sókè kankan láìsí nọ́ọ̀sì mọ́. Kí olúkúlùkù yín sì dúró níwájú Ìyá Alinafe, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe.

Èmi ti lọ lánàá. Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọ̀rá náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Mo ní ojú mi ò ríran kà á.

Ó ní, “Ta ni yóò wá máa kàwé fún yín báyìí?”