Tàńtí Ràshídátù, Alárenà Àfòpiná

Ní Másífà, ìròyìn kì í fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀kadà ló ń gùn. Kí ó tó di Jímọ̀, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé Ràshídátù ti di alárenà fún àfòpiná. Wọ́n ní ó ń fi lọ́fínńdà pa àwọn ìyàwó wọn lára, ó ń fi wọ́n sínú korobá bí ẹni fi ìyàwó sí ìyẹ̀wù, àwọn ọkọ sì ń fò wá láti Ẹ̀jìgbò. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa dé ìlú Ọlá, àwọn àfòpiná ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àna.

Ẹ̀rín ni lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni fún Ràshídátù. Láti ìgbà tó ti Àbíjàn dé lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè é ní Tàńtí, éékà méjì péré ni ilé ọkọ fún un dáko. Ọdún méjì tẹ̀léra ni kòkòrò tó jẹ́ ọmọ àfòpiná jẹ àgbàdo rẹ̀ dé pòròpórò. Ni Àlàájì Sùlàímọ́nù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, bá sọ lójú ẹbí pé: "Ìyàwó, tó bá tún kú lọ́dún yìí, kajú ni n ó gbìn síbẹ̀. Tó bá yè, tìẹ ni ilẹ̀ náà títí ayé ẹ."

Hadassah, ọmọbìnrin agíríìkì tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́, ló sọ fún un pé òórùn ni akọ àfòpiná fi ń wá abo. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Tàńtí fi já a gbà.

"Òórùn? Ta lò ń kọ́? Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ta tùràrí l'Ábíjàn!"

Ó délé, ó gbé bíńtù, lọ́fínńdà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fi para ní Ẹ̀jìgbò, ará Ìwó á sín. Ó da á sínú korobá mẹ́ta, ó gbé wọn kọ́ sáàárín oko. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, eṣinṣin méjì àti òkìkí burúkú nìkan ló mú.

Hadassah dé, ó fọwọ́ bo imú. "Tàńtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ fẹ́ fẹ́ nínú oko yìí?"

"Àfòpiná ni. Wọn ò gbà."

Hadassah mú òkú àfòpiná kan, ó nawọ́ sí irun tín-ín-rín méjì tó yọ níwájú orí rẹ̀. "Imú ẹ̀ rèé, mà. Ihò tójú ò lè rí ló kún ara irun yìí. Ohun tó ń gba òórùn wà nínú wọn, bí àgádágodo. Òórùn abo tiẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ da gbogbo bíńtù Mẹ́kà sí i, kò ní ṣí. Ṣùgbọ́n bí òórùn abo bá kàn án bín-ín-tín, á wá a débi tó bá wà."

Tàńtí kanrí mọ́lẹ̀. "Kòkòrò yìí mà mọ ìyàwó ẹ̀ ju ọkùnrin Másífà lọ."

Ó fi ọṣẹ fọ korobá lẹ́ẹ̀meje, ó sì gba ààwẹ̀ bíńtù, èyí tó le fún un ju ti Ramadáànù lọ. Hadassah fi rọ́bà kékeré tí wọ́n ti fi òórùn abo sí nílé iṣẹ́ kọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kìíní, akọ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹta, mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Tí ọkọ bá pọ̀ báyìí, ìyàwó wà nítòsí," ni Hadassah wí. "Ẹyin ti wà lára ewé, mà."

Tàńtí wọ poro dé poro, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹyin pa, ó ń da omi dóńgóyárò sínú ọ̀mùnú àgbàdo. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko! Nígbà tó yá, àgbàdo náà ga débi pé ẹyẹ ń sinmi lọ́nà kó tó dé orí ẹ̀. Igi kọ̀ọ̀kan sì pọn ọmọ méjì.

Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, Àlàájì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ wo ìyàwó wa! Ó fi oògùn Àbíjàn mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àfòpiná! A ó jẹ́ kó dáko náà lọ́dún kan sí i."

Tàńtí jáde síwájú, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gba ẹ̀rọ náà.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe díẹ̀. Kì í ṣe oògùn. Òórùn abo wà níbẹ̀ lóòótọ́, abo fúnra ẹ̀ ni ò sí. Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, igba ó dín mẹ́rin ni. Mo kà wọ́n. Korobá kàn sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yá fún mi ni, ọwọ́ mi ló ṣe ìyókù. Ẹ ò sì sọ pé ọdún kan sí i, Bàbá. Gbogbo ẹbí gbọ́."

Ó na ẹ̀rọ padà sí i. Àlàájì wúkọ́. "Oko náà... tìẹ ni."

"Ẹ fi 'títí ayé ẹ' kún un, Bàbá."